Ọ̀rọ̀ Kẹwàá

"Mẹ́sàn-án," ni Olùkà wí lẹ́ẹ̀kẹta, ojú sì tì mí bí ẹni pé èmi ni mo jí ẹnì kan gbé pamọ́.

Ohun èlò náà kò tóbi ju ọsàn lọ. Okùn tín-ín-rín ló fi rọ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́ Ìyáàfin Fìjàbí, òṣìṣẹ́ Ilé-iṣẹ́ Àyè tó ń pín àyè ilé fún ará ìlú, ó ń yí díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Olùkà ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìjọba. Ìyá Kẹ́túrà, tó dàgbà jù nínú sínágọ́gù wa, ń pè é ní Ìkà, kì í sì í rẹ ohùn sílẹ̀ bó bá ń pè é.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà," ni nǹkan náà fi kún un. Ó mọ ọ̀wọ̀ ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. "Mẹ́sàn-án ni yín."

"Irọ́ ni!" Bàbá Ẹlikánà fi ọ̀pá gbá ilẹ̀. Òun ló ń ṣíwájú àdúrà wa láti ìgbà tí bàbá mi ti fi ipò náà sílẹ̀. Ilẹ̀ náà dún bọ̀ǹbọ̀, nítorí omi ló wà lábẹ́ rẹ̀, bó ti wà lábẹ́ gbogbo ilé ní Lékè-Omi, ìlú wa tó léfòó lórí òkun. "Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo wò wá. A pé. A máa ń pé."

"Bàbá, ẹ ò kà wọ́n," ni Ìyáàfin Fìjàbí fèsì. "Ẹ kàn gbàdúrà lé wọn lórí ni."

Kò parọ́. Àwa kì í ka ènìyàn. Àwọn baba tí a jogún Òfin lọ́wọ́ wọn kì í kà á, àwọn baba tí a jogún ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ wọn náà kì í kà á: a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ìyà baba méjèèjì ló ń jẹ mí lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì yẹn. Bẹ́ẹ̀ ènìyàn mẹ́wàá gbọ́dọ̀ pé kí a tó lè gbé àkájọ Òfin jáde. Ọgbọ́n tí bàbá àgbà mi, ẹni tó tẹ sínágọ́gù náà dó, dá sí i ni àdúrà kúkúrú kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́wàá géérégé: *Olúwa, ṣọ́ agbo Rẹ lórí omi àti ilẹ̀ títí láé.* Ọ̀rọ̀ kan fún ẹnì kan. Bí ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn bá bá ẹni tó gbẹ̀yìn, a pé. Bí ènìyàn bá tán kí ọ̀rọ̀ tó tán, kálukú á gba àdúrà tirẹ̀ sínú, a ó sì fi àkájọ sílẹ̀ nínú àpótí rẹ̀.

Ìyáàfin Fìjàbí ṣí àwo kékeré kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ìfọwọ́sí bàbá àgbà mi tàn jáde lórí rẹ̀, ó wọ́ bí ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. "Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ síbí. *Ilé àdúrà ènìyàn mẹ́wàá.* Ká ní ẹ kọ mẹ́ta ni, mẹ́ta ni mi ò bá wá kà. Òfin Àyè ò bi yín pé ẹ̀sìn wo lẹ ń ṣe. Ohun tó ń bi yín ni pé, ohun tí ẹ ní ẹ fẹ́ fi gbọ̀ngàn ṣe, ṣé ẹ ṣì ń fi ṣe é?"

"Bí a ò bá pé ńkọ́?" mo bi í, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti ka ìwé ìkìlọ̀ mẹ́ta tí wọ́n kọ sí wa.

"A ó sọ gbọ̀ngàn yìí di ibi ìsìn ẹja. Àgbá ẹja á wọlé lọ́jọ́ Àìkú." Ó wo fèrèsé. "Mo mọ̀ pé bí oòrùn bá ti wọ̀, tí Ìsinmi yín bẹ̀rẹ̀, ẹ kì í fẹ́ kí irú nǹkan báyìí máa dún nínú ilé yín. Títí di ìgbà náà ni mo lè dúró."

Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Ó rọrùn láti kórìíra ẹni tó ń jágbe mọ́ni.

"Bàbá," mo sọ fún Ẹlikánà, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe. Ẹ rọra ṣe é."

Ó na ìka. "Olúwa," sí Ìyá Kẹ́túrà. "Ṣọ́, agbo, Rẹ," sí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́ta tó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe ní èbúté. "Lórí, omi," sí télọ̀ àti ìyàwó rẹ̀. "Àti," sí olùkọ́ ìṣirò, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. "Ilẹ̀," sí èmi. Lẹ́yìn náà ó gbá àyà ara rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti rẹ̀, ó sì sọ ọ́ pọ̀ ní kíá: "Títíláé."

Mo rántí bí bàbá mi ṣe máa ń ṣe é. Á na ìka sí Ẹlikánà, á ní "títí," á dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sín, á wá gbá àyà tirẹ̀, á ní "láé." Òun ló ni ọ̀rọ̀ kẹwàá. Nígbà tí kò sí mọ́, ẹ̀rù bà wá pé a ò ní pé mọ́. Ní Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Ẹlikánà na ìka, àdúrà náà sì tán lórí òun fúnra rẹ̀. A dúpẹ́. Kò sí ẹni tó béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí kí ènìyàn tó lè béèrè, àfi kó kọ́kọ́ kà.

"Ọ̀rọ̀ méjì ni, Bàbá," mo wí. "Títí. Láé."

Olùkọ́ ìṣirò tẹjú mọ́lẹ̀. Ó dá mi lójú pé ó ti mọ̀ tipẹ́, ó kàn ń bẹ̀rù láti jẹ́ ẹni tó kà wá ni.

"Oṣù mẹ́tàlá," ni Ìyá Kẹ́túrà wí. "Oṣù mẹ́tàlá la fi ń gbé àkájọ jáde fún ènìyàn mẹ́sàn-án. Ẹnu wa ló kó bá wa."

Mo wo àwọn àga tí bàbá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́. Mo wo ògiri tí wọ́n fi pákó ọkọ̀ àkọ́kọ́ kọ́, èyí tó kó àwọn ènìyàn wa kúrò ní Ilẹ̀ Líle nígbà tí òkun gbà á. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ mí lórúkọ. Ní gbogbo Lékè-Omi, kò sí ibòmíràn tí a lè gbé àkájọ wa sí. Ìlú tó ń wọn àyè ìkòkò ọ̀gbìn kọ̀ọ̀kan kò ní yàrá tó ṣófo. Bí àgbá ẹja bá wọlé, ó parí. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yẹn á lọ sí èbúté mìíràn, Ìyá Kẹ́túrà á jókòó sílé, bẹ́ẹ̀ la ó ṣe tú ká.

"Ẹ fún mi ní ìdajì wákàtí," mo sọ fún Ìyáàfin Fìjàbí. "Mo mọ ẹni kẹwàá."

Gbogbo wọn mọ ẹni tí mo ń sọ. Wọ́n yí ojú sápá kan.

Mo sáré. Afárá tó wà láàárín Ìgbèríko Kejì, níbi tí sínágọ́gù wà, àti ilé wa kì í fẹ́ kí ènìyàn sáré. "Ẹ rọra, Tírísà Akinlàjà," ló ń sọ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. "Ọkàn yín ń lù kíkan. Ṣé kí n pe dókítà?" Mo ní kó pa ẹnu mọ́. Ó ní òun ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo bínú. Ìgbì gbé pèpéle sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀, agbọ̀n ẹ̀fọ́ ṣọkọ tó rọ̀ lórí okùn ń gbá mi lójú, mo sì ń bá ara mi jà ní gbogbo ọ̀nà. Bí ènìyàn bá fẹ́ ṣe ohun tí kò dáa, ó yẹ kí ọ̀nà kúrú.

Àpótí bàbá mi wà lórí fèrèsé níbi tó máa ń wà. Kò ga ju agolo mílíìkì lọ. Ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀dà ló wà nínú rẹ̀: ohùn bàbá mi, ìrìn rẹ̀, ìrántí rẹ̀, àwàdà rẹ̀, gbogbo rẹ̀ tí Ilé Ẹ̀dà kó jọ kí èémí rẹ̀ tó tán. Kò gbà. Ó ti sọ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta pé bí òun bá ń lọ, kí n jẹ́ kí òun lọ. Nígbà tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ ni mo fọwọ́ sí i. Wọ́n gbé ara rẹ̀ lọ sin sórí òkè tó kù ní Ilẹ̀ Líle. N kò tẹ̀ lé wọn. Lójú òfin Lékè-Omi, ẹni tó ní ẹ̀dà ṣì wà láàyè; ẹni tó bá ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ ti jẹ́rìí pé ó kú nìyẹn. Nítorí náà n kò ṣọ̀fọ̀. N kò jókòó sílẹ̀, n kò fa aṣọ ya, n kò dìde sọ àdúrà òkú.

"Àníkẹ́," ni ohùn bàbá mi wí bí mo ṣe fọwọ́ kan àpótí náà. Oríkì mi nìyẹn. Òun nìkan ló kù tó ń pè mí bẹ́ẹ̀. "Ta ló ń lé ọ?"

"Kò sí, Bàbá. A ń lọ sí sínágọ́gù."

"Èmi náà?"

Mo dé àpótí náà kí n má baà dá a lóhùn.

Nígbà tí mo padà dé, oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Mo gbé àpótí náà sórí àga rẹ̀ àtijọ́, mo ṣí i. Bàbá mi dìde nínú ìmọ́lẹ̀, fìlà rẹ̀ tẹ̀ sápá òsì bó ṣe máa ń tẹ̀. Ìyàwó télọ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹlikánà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ọ̀rẹ́ ọgọ́ta ọdún ni wọ́n.

Olùkà yí po lẹ́ẹ̀kan. "Mẹ́wàá," ló wí. "Ẹ kú oríire, ẹ̀yin àgbà."

Iná ẹnu ọ̀nà di aláwọ̀ ewé. Ẹnì kan nínú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò pariwo "Háà!" ó sì pàtẹ́wọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó tó ìṣẹ́jú kan gbáko tí inú mi fi dùn.

"Ta ni ẹni kẹwàá?" ni bàbá mi béèrè.

Ó wò wá láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ èkejì, ó wo ohun tó rọ̀ mọ́ ọwọ́ Ìyáàfin Fìjàbí, ó sì yé e. Bàbá mi kì í pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó yé e.

"Èmi kọ́," ló wí. "Ẹ pa iye náà rẹ́."

"Náfútálì," ni Ẹlikánà bẹ̀ ẹ́, "gbọ̀ngàn fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wa."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè ṣàìwá ni à ń fi pé mẹ́wàá, Ẹlikánà. Ìwọ lè ní orókún ń dùn ọ́. Kẹ́túrà lè bínú kó jókòó sílé, ó sì ti ṣe é rí."

"Ẹ̀ẹ̀mejì péré," ni Ìyá Kẹ́túrà wí.

"Èmi ńkọ́? Ọmọ yìí dé mi sínú àpótí, ó gbé mi, ó ṣí mi. Níbo ni mo ti sọ pé mo ń bọ̀?" Ó kọjú sí Ìyáàfin Fìjàbí. "Ìyá, ẹ dákun, ẹ má kà mí."

Olùkà yí sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní: "Ẹni kẹwàá ti kọ̀. Ohun tí kì í ṣe ènìyàn kò lè kọ̀. Mẹ́wàá."

Télọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dùn létí. Bàbá mi wo nǹkan náà bí ìgbà tí ọmọléèwé bá fún olùkọ́ ní ìdáhùn tó dára jù, inú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn sí i.

"Ohun tí òfin wí nìyẹn lóòótọ́," ni Ìyáàfin Fìjàbí wí. "Ó ku ẹyọ ìbéèrè kan. Bí ẹ̀dà bá ta ko kíkà, ẹbí rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ jẹ́rìí." Ó yíjú sí mi. "Mà, ṣé bàbá yín wà láàyè?"

"Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni ńkọ́?"

"Gbọ̀ngàn di tiyín fún ọdún méje. Kò sí ẹni tí yóò tún yọ yín lẹ́nu."

"Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Ó wo bàtà rẹ̀. "Àgbá ẹja. Ẹ̀dà tí ẹbí bá sì ti pè ní òkú, a kì í tún un ṣí mọ́. Màá gbé e lọ."

"Sọ bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi," ni Ẹlikánà wí. Ó di apá mi mú. "Ọ̀rọ̀ méjì péré ni. Ọlọ́run mọ ìdí rẹ̀."

N kò fẹ́ kó dì mí mú. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò mí. Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi? Mo wo Ìyá Kẹ́túrà pé kó sọ nǹkan, kó bú mi ni, kí n lè rí ẹni bá jà. Òun ń wo fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ti pọ́n lórí ògiri.

"Bàbá," mo wí, "kí ni kí n sọ?"

"Bí mo bá sọ fún ọ, èmi ni mo jẹ́rìí nìyẹn, kì í ṣe ìwọ."

Irú èsì tí bàbá mi máa fọ̀ gan-an nìyẹn. Ó bí mi nínú débi pé mo fẹ́ gbá a mọ́ra. Ìgbà náà ni mo rántí pé bàbá mi máa ń pẹ́. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi ń pẹ́. Màmá mi á ti se oúnjẹ tán, yóò ti tutù, òun á ṣì wà ní èbúté tí yóò máa bá ẹnì kan jiyàn. Mo ti fi odidi ìgbà èwe mi dúró ní fèrèsé dè é. Láti oṣù mẹ́tàlá yìí, kò pẹ́ rí. Bí mo bá ti ṣí àpótí, ó ti dé. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, ìgbàkígbà tó bá wù mí, ó wà níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sí ibi tó ti ń bọ̀. N kò dúró de ẹnikẹ́ni mọ́. Mo sì ti ń pe ìyẹn ní ìtùnú.

"Mà?" ni Ìyáàfin Fìjàbí wí. Oòrùn ti kan omi.

"Bàbá mi kú," mo wí.

Mo tún un sọ.

"Bàbá mi kú. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni. Mo wà níbẹ̀. Mo sá lọ fọwọ́ sí ìwé, mo padà wá di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ náà sì tutù mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ti kú."

"O ṣé, Àníkẹ́," ni ohùn náà wí. Lẹ́yìn èyí, àga náà ṣófo.

"Mẹ́sàn-án," ni Olùkà wí. "Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà."

Iná ẹnu ọ̀nà pọ́n. Ìyáàfin Fìjàbí dé àpótí náà fúnra rẹ̀, jẹ́jẹ́, ó fi gèlè rẹ̀ wé e, ó sì gbé e mọ́ àyà. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. "Ẹ kú ará-fẹ́ra-kù o," ló wí fún mi. Láti oṣù mẹ́tàlá, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó kí mi bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó lọ tán, Ẹlikánà jókòó, ó fi orí lé orí ọ̀pá. "O ta wá, Tírísà," ló wí. "O ta ilé bàbá àgbà rẹ fún ẹja."

Mo ti rò pé tí mo bá sọ òtítọ́, ọkàn mi á fúyẹ́. Kò fúyẹ́ rárá. Mo kàn pàdánù nǹkan méjì láàárín ìṣẹ́jú kan ni.

Ìyá Kẹ́túrà dìde. Ó pẹ́ kí ó tó dìde tán. Ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn.

"Jáde," ló wí fún mi.

Mo rò pé ó ń lé mi ni. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ má ṣe báyìí sí mi."

"Ṣé o ti gbàgbé bí a ti í ṣe é ni? Ẹni tó sin òkú láàárín ọ̀sẹ̀ kì í jókòó pẹ̀lú wa nígbà tí a bá ń fi orin pàdé Ìsinmi. Ìta ló ń dúró sí títí orin á fi tán. Bí a bá kọrin tán, a ó pè ọ́ wọlé."

"Ìyá, ọdún kan ó lé..."

"Òní lo sin ín," ló wí. "Ojú mi kọ́ ló ṣe? Jáde, oòrùn ń lọ."

Mo jáde. Mo dúró lórí pátákó ẹnu ọ̀nà, atẹ́gùn ń fẹ́ aṣọ mọ́ mi lára. Omi ti dúdú lábẹ́, àwọn afárá ń tan iná wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ọwọ́ mi ṣe. Mo gbọ́ bí orin ṣe bẹ̀rẹ̀ nínú ilé. Kò lágbára: ohùn télọ̀ ló gbé e, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò gbà á, ó falẹ̀, ó tún gbéra. N kò gbọ́ ohùn Ẹlikánà nínú rẹ̀. Mo ń fi etí méjèèjì wá a, kò sí níbẹ̀. Nígbà tí orin dé ẹsẹ tó gbẹ̀yìn, mo gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ti ha, ó ń tẹ̀ lé àwọn tó kù.

Ilẹ̀kùn ṣí. Gbogbo wọn ti dìde, wọ́n kọjú sí mi.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń fi kí ọlọ́fọ̀. Ní èdè Hébérù, "Ibi" ni wọ́n ń pe Ọlọ́run nínú rẹ̀, ibi tí gbogbo nǹkan wà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dojú kọ ọmọ Yorùbá tó ń ṣọ̀fọ̀, tí yóò ní kí Ibi tù ú nínú? Àwọn baba wa wá yí i padà díẹ̀. Mo ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹnikẹ́ni kò tíì sọ ọ́ fún mi rí.

Ẹlikánà ló wà níwájú. Ojú rẹ̀ wú, inú tó ń bí i sí mi kò tíì rọ̀. Mo rí i. Síbẹ̀ òun ló kọ́kọ́ la ẹnu.

"Kí Ẹni tí Ó ni gbogbo àyè tù ọ́ nínú," ló wí.

Àwọn tó kù tún un sọ tẹ̀ lé e. Mo wọlé, mo jókòó sórí àga tó ṣófo, mo sì sunkún bàbá mi.